Bàtà Ẹsẹ̀ Kan

Ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.
Ọwọ́ mi ló gbé fìtílà.

Nígbà tí irin ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ọ̀ffà,
tí àwọn àgbà ṣì ń dọ̀bálẹ̀ fi etí lé e
bí ẹni ń gbọ́ ọmọ nínú oyún,
ọkọ̀ ẹrù a máa ti Jẹ́bà bọ̀ lóru,
á kọjá Ìlọrin, á kọjá Àjàṣẹ́,
á wá dé ibi tí ilẹ̀ ti gbé òkè kò ó.
Ibẹ̀ ni fàkàfìkì rẹ̀ ti ń di
fàà… kà… fìì… kì,
bí arúgbó tó ń gun àkàsọ̀.
Ibẹ̀ la máa ń ba sí.

Àwa márùn-ún ni. Ọlátẹ̀jú lolórí,
Ẹ̀yìn-ò-balẹ̀ lórúkọ tí ìjàkadì fún un.
Yóò sáré bá wágùnù, yóò dì í mú níbàdí
bí ẹni pé àwọn méjèèjì jọ wọ agbo,
ilẹ̀kùn á ṣí, ẹrù á máa bọ́.
A ní èdè tiwa:
iyọ̀ là ń pè ní òjò,
aṣọ òyìnbó, ewé;
gáàdì tó ń sùn nídìí ọkọ̀, a ní "àna wa."
"Àna wa ti jí!" Kí olúkúlùkù wọ igbó nìyẹn.
Èmi ni mo kéré jù. Mo máa ń fi fìtílà
pamọ́ sábẹ́ agbádá bàbá mi tó ti kú,
màá ṣí i lẹ́ẹ̀mejì bí ọ̀nà bá dá.
Ẹni tó ń ra òjò lọ́wọ́ wa kí ilẹ̀ tó mọ́,
ìlà iwájú ló ń jókòó sí ní Jímọ̀.

Lóru ọjọ́ kan, àpótí pákó ló bọ́.
Ọlátẹ̀jú fi àdá já a:
ṣòkòtò tí wọ́n gé lórúnkún,
abọ́ páànù,
tẹ̀súbáà tó ti já, tí ẹnìkan fi òwú so padà,
bàtà ẹsẹ̀ kan.
A wá èkejì títí.
Búsàrí bú sẹ́rìn-ín: "Ta ló ń ra bàtà ẹsẹ̀ kan?"

Wọ́n fi tàdáwà kọ nǹkan sí ìdérí,
ìkọ̀wé kéwú, ṣùgbọ́n Yorùbá ni.
Èmi nìkan ni mo jókòó nílé kéwú rí.
Mo gbé fìtílà sún mọ́ ọn:
Kó dé ọwọ́ Sínótù aláró, ìyá Lásísì.
Nídìí afárá ni. Ẹ sọ fún un jẹ́jẹ́.

Ọlátẹ̀jú ní ká lọ jù ú sódò Ọ̀yun.
Mo gbé e rù. Kò sẹ́ni tó dá mi dúró.

Ìyá náà ti wà nídìí ìkòkò,
apá rẹ̀ dúdú dé ìgúnpá.
Mo ti to irọ́ mi lọ́nà:
ní tésàn ni wọ́n ti ní kí n gbé e wá.
Ó gbé bàtà náà, ó yí i, ó wo abẹ́ rẹ̀.
"Tọ̀tún nìyí," ló wí.
Ó dákẹ́ pẹ́.
Lẹ́yìn náà ó fà mí mọ́ra,
ó ń ṣa èèmọ́ kúrò létí agbádá mi,
ọ̀kọ̀ọ̀kan.
"Èèmọ́ kì í hù ní tésàn, ọmọ mi."
Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Títí ó fi kú, kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Irin dá Ọlátẹ̀jú lọ́dún yẹn náà.
Ẹ̀yìn rẹ̀ balẹ̀.
Àwọn ènìyàn ní, ọjọ́ gbogbo ni tolè,
ọjọ́ kan ni tolóhun.
Èmi ò mọ ẹni tí í ṣe olóhun nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Agbádá náà wà lórí àjà.
Mo ti fọ̀ ọ́, mo ti fọ̀ ọ́.
Ìka aró mẹ́ta ṣì wà létí rẹ̀.